Ẹ má da kálísíọ́mù mọ́, ẹ wọn magnesium ná

Ẹ kú làálàá. Ẹ ní kálísíọ́mù inú táńkì omi iyọ̀ tẹ́ ẹ ń sin iyùn alààyè sí kò kúrò ní 340 ppm (ìdá nínú mílíọ̀nù), alkalinity (èròjà inú omi tí ń dènà ásíìdì) ń já lójoojúmọ́, nǹkan funfun sì ń lẹ̀ mọ́ hítà. Ó jọ pé magnesium ló ti lọ sílẹ̀. Ẹ dáwọ́ dúró lónìí, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n.

Nǹkan funfun yẹn gan-an ni kálísíọ́mù tẹ́ ẹ fowó rà. Òun àti alkalinity ti dì pọ̀, wọ́n ti gan bí ẹfun. Magnesium ni kì í jẹ́ kí wọ́n tètè dì. Bí magnesium kò bá tó, bẹ́ ẹ ṣe ń da kálísíọ́mù ni yóò máa di ẹfun, iyùn kò ní rí i lò. Magnesium inú omi òkun tó bí 1,300 ppm.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ iyọ̀ omi wò. Bí kò bá tó 35 ppt (ìdá nínú ẹgbẹ̀rún), gbogbo òǹkà ló máa rẹlẹ̀. Iyọ̀ lẹ máa tún ṣe nígbà yẹn.

Bí iyọ̀ bá pé:

1. Ẹ gbé magnesium dé 1,300, kó má ju 100 lọ lójúmọ́.
2. Ẹ wá gbé alkalinity sí 8 dKH (òṣùwọ̀n alkalinity), kó má ju 1 lọ lójúmọ́. Mo gbé tèmi sókè lóru ọjọ́ kan, iyùn ẹlẹ́ka kan bó, ó kú. Ó ṣì ń dùn mí.
3. Kálísíọ́mù ló kẹ́yìn. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ alkalinity lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ yọ hítà kúrò lára iná, kó tutù, kẹ́ ẹ fi fínígà fọ̀ ọ́. Bẹ́ ẹ bá wọn magnesium tán, ẹ kọ iye rẹ̀ síbí.