Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Fífi ètò kọ̀ǹpútà sọ ìwé di PDF

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Mo kọ ètò kan ní Python (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) tí ó ń pe LibreOffice, ètò ọ̀fẹ́ tí ó lè ṣí ìwé Word, láti sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé Word di PDF. Bí ó bá ń ṣe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ó ṣe mélòó kan pọ̀, àwọn fáìlì kan kì í jáde, kò sì ní kéde àṣìṣe kankan. Bákan náà, ìwé tí ó jẹ́ ojú ewé 10 lórí kọ̀ǹpútà mi ń di 11 lórí sáfà (kọ̀ǹpútà tí ètò náà ti ń ṣiṣẹ́), àmì ohùn orí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá sì ń yẹ̀ kúrò nípò. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ àwọn fáìlì tí kò jáde ni a ó kọ́kọ́ yanjú, nítorí kò le rárá. Inú fódà kan ṣoṣo ni LibreOffice ń tọ́jú gbogbo ètò ìlò rẹ̀ sí, bí ẹ bá sì pe ẹ̀dà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, fódà yìí ni àwọn méjèèjì máa jọ du, èyí tí ó pẹ́ dé kò sì ní rí iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe. Ẹ fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀, báyìí:

soffice -env:UserInstallation=file:///tmp/ise1 --headless --convert-to pdf --outdir jade iwe.docx

Ẹ̀dà kejì á lo ise2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé òdo tí LibreOffice dá padà pé òun ti ṣe tán, nítorí ó lè dá a padà láìsí fáìlì kankan. Kí ètò yín fúnra rẹ̀ wo inú fódà jade, kí ó rí i pé fáìlì náà wà níbẹ̀, pé kì í sì í ṣe òfìfo. Ẹ tún fi gbèdéke sí àkókò tí ó máa fi dúró de ìwé kọ̀ọ̀kan, torí ìwé kan tí ó bàjẹ́ lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró.

Ti ojú ewé gan-an ni ó gba àròjinlẹ̀. Fáìlì docx, ìyẹn fáìlì Word, kò gbé ojú ewé tí a ti tò parí. Ọ̀rọ̀ àti ìlànà bí a ṣe máa tò ó ni ó gbé, ètò tí ó bá ṣí i ni ó sì ń wọn ìbú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ó tó pinnu ibi tí ìlà máa parí sí. Bí fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà) tí a fi kọ ìwé náà, bí àpẹẹrẹ Calibri, kò bá sí lórí sáfà, fọ́ǹtì mìíràn ni LibreOffice máa fi dípò rẹ̀. Bí lẹ́tà tuntun yìí bá fi díẹ̀ gbòòrò jù, ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn ìlà á sọ̀ kalẹ̀, ìpínrọ̀ á gùn sí i, tábìlì tí ó yẹ kí ó parí sí ojú ewé 3 á sì bọ́ sí ìkẹrin. Ẹ fi Carlito sórí sáfà náà, torí wọ́n dìídì ṣe é kí ìbú lẹ́tà rẹ̀ lè bá ti Calibri dọ́gba. Iṣẹ́ kan náà ni Liberation Serif ń ṣe fún Times New Roman, àti Liberation Sans fún Arial.

Fọ́ǹtì náà ni ó fa ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Nínú Unicode, ìlànà tí ó fún lẹ́tà àti àmì ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́tà “ẹ” ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9, ṣùgbọ́n “ẹ́” kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àmì òkè rẹ̀, U+0301, ń tẹ̀ lé e lọ́tọ̀ ni, fọ́ǹtì ni ó sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ó máa gbé e kà. Noto Serif, Charis SIL àti Gentium mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, mo sì rọ̀ yín pé kí ẹ fi ọ̀kan nínú wọn kọ ìwé Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí PDF ń so lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tí ó bá wà nígbà tí a ṣe é.

Kí ẹ tó fi fáìlì ránṣẹ́, ẹ lo àṣẹ pdffonts, tí ó ń to àwọn fọ́ǹtì inú PDF lẹ́sẹẹsẹ, lórí mélòó kan nínú wọn. Ó yẹ kí yes wà lábẹ́ emb fún gbogbo fọ́ǹtì, èyí tí ó fi hàn pé fọ́ǹtì náà wà nínú fáìlì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi pdftotext yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde, kí ẹ sì wò ó bóyá àwọn àmì ohùn ṣì pé, torí ìwé lè dára lójú kí wíwá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ má ṣeé ṣe.