Ajẹ́lẹ̀ kì í ṣe gómìnà

Ìbéèrè tó wá láti Àgbádárìgì nìyí, ní kúkúrú. Ẹgbẹ́ eléré kan ń kọ eré orí ìtàgé nípa ilẹ̀ ọba ńlá kan tó ṣàkóso ogójì ayé láàárín àwọn ìràwọ̀, tó sì wó. Ẹni tí ọba ńlá rán lọ máa jókòó sí ayé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n pè ní "ajẹ́lẹ̀", wọ́n sì fi ṣe èèyàn jẹ́jẹ́ tí gbogbo ìlú fẹ́ràn. Màmá àgbàlagbà kan tó wá wo ìdánrawò wọn fárígá. Ó ní kò sí ajẹ́lẹ̀ tí ìlú ń fẹ́ràn, pé orúkọ burúkú ni. Wọ́n wá ń béèrè pé ṣé òótọ́ ni, àti pé kí ni kí àwọn máa pè é?

Òótọ́ ni o. Màmá yẹn gbọ́ Yorùbá. Ajẹ́lẹ̀ kì í ṣe gómìnà, kì í sì í ṣe baálẹ̀. Ìlú tí wọ́n gbé e sí ṣì ní ọba tirẹ̀, àwọn ìjòyè ṣì wà, àwọn àgbà ṣì ń pàdé ní ilédì. Ajẹ́lẹ̀ kàn wá jókòó ti ọba yẹn ni. Ó ń wò ó, ó ń fetí sí ohun tí wọ́n ń sọ láàfin, ó ń rí i pé ìsìn ọdọọdún, ohun tí ìlú ń gbé wá fún ìlú tó ṣẹ́gun rẹ̀, kò pẹ́, bó bá sì gbọ́ pé ẹnì kan ń pọ́n idà, á ránṣẹ́ sílé. Ìlú tó ṣẹ́gun ló gbé e síbẹ̀, ìlú tí wọ́n ṣẹ́gun ló ń bọ́ ọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́.

Ẹ fojú inú wo agbo ilé ajẹ́lẹ̀ láàárọ̀. Kò dá wá. Ó kó ìyàwó, ọmọ, ẹrú àti ọmọ ogun wá sí ìlú tí kò ti ní oko. Ọmọkùnrin méjì á gbé apẹ̀rẹ̀, wọ́n á gba ọ̀nà ọjà lọ. Wọ́n á dúró níwájú ìyá alátẹ, wọ́n á bu èlùbọ́, wọ́n á fa adìyẹ kan yọ nínú àgò. Wọn ò ní nájà, torí ẹni tí kò ní sanwó kì í nájà. Ìyá náà á máa wo ẹ̀yìn wọn títí wọ́n á fi wọ kọ̀rọ̀. Kò ní sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, adìyẹ rẹ̀ á wà nílé. Lọ́jọ́ ọjà kejì, aládùúgbò rẹ̀ náà ò ní gbé tirẹ̀ wá. Àtẹ tó ṣófo yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sórí ìtàgé. Ogun ṣì lè dúró ná.

Ìgbà tí Ìbàdàn gba agbára lẹ́yìn Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́ àtijọ́, ni orúkọ náà wá le jù létí. Ìbàdàn fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìgbómìnà, ìyà tí àwọn ará ilé ajẹ́lẹ̀ fi jẹ àwọn onílẹ̀ kò sì kéré. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí bẹ́ orí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tó wà ní ìlú wọn. Ohun tó ti ibẹ̀ yọ ni ogun Kírìjì. Wọn ò fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà títí di 1886, ó sì di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú àgọ́ ká. Nígbà tí òyìnbó dé, tó fi òṣìṣẹ́ rẹ̀ jókòó ti ọba kọ̀ọ̀kan, ajẹ́lẹ̀ náà ni àwọn èèyàn pè é. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wò.

Ìlàrí yàtọ̀ sí èyí, ó sì jọ pé òun gan-an ni ẹ̀ ń wá fún púpọ̀ nínú ìran yín. Ìlàrí ni ìránṣẹ́ Aláàfin. Orúkọ náà wá láti "là" àti "orí": wọ́n á fá orí rẹ̀, wọ́n á sín in ní gbẹ́rẹ́, wọ́n á fi oògùn ra ojú ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, apá kan orí ni wọ́n á máa fá, wọ́n á sì dá irun sí lápá kejì. Ẹni tó bá rí i lókèèrè ti mọ ẹni tó rán an. Aláàfin á wá fún un lórúkọ, orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ sì ni iṣẹ́ tó ń jẹ́. Bí ìlàrí tó ń jẹ́ Ọbakòṣetán bá wọ ìlú, ọba ìlú náà ti mọ̀ kó tó la ẹnu pé ọ̀rọ̀ òun kò tíì yanjú. Bó bá jẹ́ Madáríkàn ni wọ́n rán, kí kálukú lọ tún èrò rẹ̀ pa. Ẹ ò rí i pé ìyẹn dára fún eré! Òǹwòran á gbọ́ orúkọ, jìnnìjìnnì á sì mú un kí òṣèré tó sọ̀rọ̀. Ẹ fún àwọn ìlàrí yín lórúkọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má pè wọ́n ní "aṣojú kìíní" àti "aṣojú kejì" bó ṣe wà nínú ìwé eré yín.

Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni pé ìlàrí ń lọ, ó ń bọ̀. Ajẹ́lẹ̀ ń jókòó. Bí ìlàrí bá pẹ́ jù níbi tí wọ́n rán an, òun náà á di ajẹ́lẹ̀, ara ìlú á sì kọ̀ ọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá nìyẹn. Àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ kún ibẹ̀, wọ́n ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń jẹ ibẹ̀. Lísàbí kó àwọn èèyàn jọ ní ẹgbẹ́ àáró. Lónìí, gbogbo wọn á bá ẹnì kan ro oko, lọ́la ó di ti ẹlòmíràn. Kò sí ìlàrí tó lè fura sí ẹni tó gbé ọkọ́ lọ́wọ́. Inú àáró yìí ni wọ́n ti mọ ẹni tó ṣeé fọkàn tán, inú rẹ̀ ni wọ́n ti pinnu ọjọ́. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, oríṣiríṣi ìlú ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìtàn sọ pé ìlàrí tó kú ju 600 lọ. Bí àwọn ayé yín bá máa ṣọ̀tẹ̀, ẹ wá irú àáró bẹ́ẹ̀ fún wọn, iṣẹ́ àjọṣe tí ọba ńlá fúnra rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n máa ṣe.

Ní ti owó, ẹ̀ ń lo "ìṣákọ́lẹ̀" fún ohun tí ayé kọ̀ọ̀kan ń san. Ìyẹn ṣì ọ̀nà. Ìṣákọ́lẹ̀ ni ohun tí ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń fún onílẹ̀. Ìlú tó wà lábẹ́ ìlú mìíràn ń sìn ín ni, ohun tó ń gbé wá sì ni ìsìn. Ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ èrò lẹ́nu ọ̀nà ni oníbodè, ó sì bá ẹnu ọ̀nà ìràwọ̀ yín mu rẹ́gí. Ìsìn kò sì ní láti jẹ́ ohun tó wọ́n. Òótọ́ ni pé Dahomey ń kó èèyàn, ìbọn àti owó ẹyọ wá fún Ọ̀yọ́ lọ́dọọdún, títí Ghezo ọba wọn fi dáwọ́ rẹ̀ dúró ní nǹkan bí 1823. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún Bẹẹrẹ. Koríko ìbolé ni àwọn ìlú ń dì wá fún Aláàfin, koríko lásán tó kún ẹ̀yìnkùlé gbogbo èèyàn. Aláàfin kì í ṣe aláìní koríko. Ẹni tó bá gbé e wá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá a bo ilé, ẹni tí kò bá gbé e wá sì ti sọ̀rọ̀. Ohun kékeré bẹ́ẹ̀ ni kí ayé kọ̀ọ̀kan máa gbé wá nínú eré yín. Lọ́dún tí ìdì kan bá dín, kí gbogbo ààfin dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ọba ńlá yín náà lágbára jù. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni tí kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò. Aláàfin, pẹ̀lú gbogbo ọlá rẹ̀, ní Ọ̀yọ́ Mèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìjòyè méje tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ fún un, ó ti yé e pé ayé kọ̀ ọ́, ọ̀run kọ̀ ọ́, ó sì gbọ́dọ̀ kú. Àwọn kan máa ń bá ọba lọ pẹ̀lú. Àrẹ̀mọ, àkọ́bí rẹ̀ tó ń bá a ṣe ìjọba, wà lára wọn nígbà kan, kí ọmọ má bàa kánjú fẹ́ orí oyè bàbá rẹ̀.

Àmọ́ ẹni tó ń gbé igbá fúnni náà lè bàjẹ́. Baṣọ̀run Gáà pàṣẹ láti 1754 títí di 1774, ọ̀pọ̀ Aláàfin ló sì tọwọ́ rẹ̀ lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé ó tú àwọn ọmọ rẹ̀ ká sí àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́, àwọn ni wọ́n sì ń gba ìsìn. Owó kò dé ààfin mọ́. Aláàfin jókòó sórí ìtẹ́, ajẹ́lẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Nígbà tí Aláàfin Abíọ́dún máa ṣẹ́gun rẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ bá àwọn ìlú wọ̀nyẹn sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè pa àwọn ọmọ náà lọ́jọ́ kan náà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé, "Bí o láyà o ṣìkà, bí o bá rántí ikú Gáà, o ṣòótọ́."

Ẹ tún gbọ́dọ̀ sọ iye ọjọ́ tí iṣẹ́ fi ń rìn láti ayé kan sí èkejì, kí ẹ má sì yí i padà mọ́. Nínú ìwé eré yín, ọba ń bá ajẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ fóònù. Bó bá lè pè é bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ fi ajẹ́lẹ̀ ṣe? Ọ̀nà tó jìn ló bí ajẹ́lẹ̀. Ẹ wo ọ̀nà tó ti ìlú yín lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé. Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, kúrò ní Àgbádárìgì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá 1825, ó gba Ìjànná kọjá nílẹ̀ Ẹ̀gbádò, ọjọ́ 23 oṣù Kìíní 1826 ló tó wọ Ọ̀yọ́-Ilé. Àìsàn dá wọn dúró, méjì nínú òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ sì kú sọ́nà. Ìlàrí tó mọ ọ̀nà á yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀, kí iṣẹ́ tó dé etí òkun, ohun tí wọ́n ń sọ lè ti yí padà. Ọ̀yọ́ fi ẹni tirẹ̀ sí Ìjànná torí ọ̀nà yìí.

Ní ti ìwó gan-an, ẹ̀ ń fi ọ̀tá láti òkèèrè ṣe é. Mi ò rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ogun Ìlọrin ló gbẹ̀yìn Ọ̀yọ́-Ilé, tí wọ́n fi sá kúrò níbẹ̀ pátápátá láàárín 1830 sí 1840. Ṣùgbọ́n ta ló sọ Ìlọrin di ibùdó ogun? Àfọ̀njá ni, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí ogun Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀. Kakaǹfò kì í gbé Ọ̀yọ́, ẹnu ààlà ni wọ́n máa ń fi í sí, kó má bàa bá ọba du ìlú. Ọgbọ́n yẹn dára títí di ọjọ́ tí òun àti ọba jà. Aláàfin Awólẹ̀ rán ogun lọ sí Ìwẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ogun kọ̀, wọ́n padà sílé, igbá òfìfo ni wọ́n fi kí i. Kó tó kú, ó ta ọfà sí ìhà mẹ́ta, ó gégùn-ún pé ibi tí ọfà yẹn lọ ni wọ́n á kó wọn lẹ́rú lọ. Ó wá fọ́ àwo mọ́lẹ̀: igbá tó fọ́ ṣeé rán, àwo tó fọ́ kò ṣeé tò pọ̀.

Ìgbà tí ilẹ̀ ọba ti wó tán ni ìtàn yín dùn jù, ibẹ̀ lẹ sì yára kọjá. Òfin ilẹ̀ ọba kì í kú lọ́jọ́ tí ìlú bá tú. Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó, ó ní kí Àrẹ̀mọ òun má kú, kó jọba. Kúrunmí, olórí Ìjàyè, ní rárá, àṣà ni àṣà. Ọ̀rọ̀ yẹn wà nídìí ogun tó pa Ìjàyè run ní 1862. Àwọn tó ń jà kò ní Ọ̀yọ́-Ilé mọ́, wọ́n ṣì ń kú nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀.

Ẹ sì bi ara yín léèrè ibi tí àwọn tí ìtẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́ máa ń sá lọ. Adélé àti Akítóyè tí wọ́n lé kúrò lórí oyè Èkó, Àgbádárìgì yín ni wọ́n wá sá sí. Kòsọ́kọ́, ọba Èkó mìíràn, nígbà tí tirẹ̀ bọ́ ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ló gbà lọ pẹ̀lú àwọn jagunjagun àti oníṣòwò rẹ̀. Ó ṣòwò níbẹ̀, ó bá òyìnbó ṣe àdéhùn ní 1854, kò padà sí Èkó títí di 1862. Púpọ̀ nínú àwọn tó bá a wá kò padà rárá. Títí dòní, Èkó Ẹ̀pẹ́ wà, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ wà, nínú ìlú kan ṣoṣo. Ẹ wá Ẹ̀pẹ́ kan fún àwọn tó kù nínú ilẹ̀ ọba yín.

Ajẹ́lẹ̀ yín, ẹ má yọ ọ́ kúrò. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ lóòótọ́: kí ilé rẹ̀ kún, kí ọjà má fẹ́ ẹ, kí ọba ìlú máa kí i tẹ̀ríntẹ̀rín. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kó jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, òun náà lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ apẹ̀rẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ lọ sí ọjà. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ tí ìlàrí máa ń dé pé, kí ìlàrí má dé. Kí ajẹ́lẹ̀ jáde sẹ́nu ọ̀nà lálẹ́, kó ka ọjọ́ lórí ìka, kó tún un kà, kí ìyá alátẹ sì máa wò ó láti òdìkejì ọ̀nà.