Owó Oṣù Olùkọ́ Kò Sí Lọ́wọ́ Mi: Kí Ni Mo Lè Ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi wá ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan nítòsí Òṣogbo ni. Agogo á lù, ọ̀pọ̀ olùkọ́ á ṣì jókòó sí sítáàfù-rúùmù. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, “Èló ni wọ́n ń san fún wa gan-an?” Èmi kọ́ ni mò ń sanwó. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ipò tuntun, mà. Ẹ má tíì pè wọ́n lọ́lẹ. Láti 2015 títí wọ 2018, ààbọ̀ owó oṣù tàbí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbà ní Ọ̀ṣun. Ẹni tó là á já kì í tètè gbàgbé.

Àmọ́ owó nìkan kọ́. Frederick Herzberg, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ láti 1959: owó tí kò tó a máa bí òṣìṣẹ́ nínú, ṣùgbọ́n ohun tó ń mú un fi ìfẹ́ ṣiṣẹ́ ni pé iṣẹ́ náà ń so èso, àwọn èèyàn sì ń rí i. Apá kejì yìí wà níkàáwọ́ yín.

Nígbà témi náà kọ́kọ́ dọ̀gá, ìlà pupa ni mò ń fà sínú ìwé ìbuwọ́lùwé láràárọ̀, kí n lè mọ olùkọ́ tó pẹ́ dé. Wọ́n ń tètè dé lóòótọ́! Wọ́n á buwọ́ lùwé tán, wọ́n á lọ jókòó. Ni mo bá fi bírò sílẹ̀, mo ń yí kíláàsì ká. Lọ́jọ́ kan mo jókòó sẹ́yìn níbi tí tísà ìṣirò kan ti ń kọ́ JSS 2. Okùn ló so mọ́ ṣọ́ọ̀kì tó fi ń ya òbìrí, ẹ̀gbẹ́ páálí ló fi ń fa ìlà. Kò sì bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, a ti fi owó PTA, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ra rúlà àti kọ́ńpáàsì pátákó fún un. N kò tún lé e wọ kíláàsì mọ́.

Ẹ wo táìmù-tébù yín dáadáa. Ẹ ó rí ẹni tó ń kọ́ pírọ́ọ̀dù 26 lọ́sẹ̀, àti ọ̀rẹ́ ọ̀gá àná tó ń kọ́ 8. Ibẹ̀ ni inú ti ń bí wọn ju ọ̀rọ̀ owó lọ.

Ẹ má bá olùkọ́ wí níwájú akẹ́kọ̀ọ́, ní àsémbílì pàápàá. Tó bá jẹ́ àgbà sí yín, ẹ má ránṣẹ́ pè é, ẹ rìn lọ bá a. Ẹni tó bá ṣì kọ̀, ẹ kọ query, ìwé tó ní kó ṣàlàyé ohun tó ṣe, fún un, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sínú fáìlì rẹ̀.