Ọ̀pá Ìtilẹ̀ Tó Tún Ń Gbé Kámẹ́rà Dúró: Àwọn Òǹkàwé Béèrè, A Dáhùn

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé wa kan ní Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ń gbèrò láti gun Òkè Ìdànrè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, a ó sì ti ibẹ̀ kọjá sí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Mo fẹ́ràn fọ́tò yíyà púpọ̀, kámẹ́rà tí à ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì rẹ̀ ni mo ń lò, èyí tó sì gùn jù nínú àwọn lẹ́ǹsì mi dé 200 mìlímítà. Orúnkún mi kì í jẹ́ kí n gbádùn ìsọ̀kalẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọmọ mi fi ní kí n ra ọ̀pá ìtilẹ̀ àwọn tó ń gun òkè, irú èyí tó ní síkúrù lórí tí a lè de kámẹ́rà mọ́, kí n lè fi tráípọ́ọ̀dù, ìyẹn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé, sílé. Ọ̀pọ̀ ni mo ti rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó wọn sì jìnnà síra. Mo ga tó 170 sẹ̀ǹtímítà. Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Ìdáhùn

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. Àbá tí ọmọ yín mú wá dára, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sọ́kàn pé ẹsẹ̀ yín ni ọ̀pá yìí yóò kọ́kọ́ sìn, kámẹ́rà ni yóò tẹ̀lé e. Lórí àtẹ̀gùn Ìdànrè, tó lé ní 600, ara yín ni ọ̀pá náà yóò máa gbé ní àlọ àti ní àbọ̀, kámẹ́rà kò sì ní lò ó ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ ní ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ọ̀pá tí síkúrù orí rẹ̀ dára ṣùgbọ́n tí ìdè ara rẹ̀ ń yọ̀ kò yẹ ní rírà, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Ìdè yìí gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀pá wọ̀nyí jẹ́ ìpín mẹ́ta tó ń wọ inú ara wọn, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì sábà máa ń gbà tì wọ́n pa: àwọn kan wà tí a ń fi ọwọ́ lọ́, àwọn mìíràn sì ní ọwọ́ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a ń tẹ̀ pa mọ́ ara ọ̀pá. Èyí tó ní ọwọ́ kékeré ni a fara mọ́, nítorí pé ojú lásán lè rí i bóyá ó tì tàbí kò tì, bí ó bá sì dẹ̀, ẹ lè mú un le sí i fúnra yín. Èyí tí a ń lọ́ fi ìdè rẹ̀ pamọ́ sínú, bí eruku tàbí omi bá sì dé ibẹ̀, ó lè yọ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ títí ọ̀pá yóò fi wọlé lábẹ́ ọwọ́ yín ní ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fa ọ̀pá náà gùn, ẹ tì í, kí ẹ sì rọra fi ara tì í sílẹ̀ títí gbogbo ìwúwo yín yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí rẹ̀. Bí ó bá wọlé díẹ̀ péré, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Ní ti ohun tí wọ́n fi ṣe é, alumíníọ̀mù ni àwa yóò yàn fún ìrìn àjò yín. Ọ̀pá káábọ́ọ̀nù fúyẹ́ jù ú lọ, kì í sì í gbọ̀n púpọ̀ bí kámẹ́rà bá wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá há sáàárín òkúta méjì, tí ara sì rọ́ lù ú láti ẹ̀gbẹ́, ó lè ṣẹ́ lójijì, nígbà tí alumíníọ̀mù sábà máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Àwọn ọ̀pá kan tún ní sípíríǹgì nínú, kí ọwọ́ má baà máa gba gbogbo ìlù ilẹ̀. Ó tu ọwọ́ lára, àmọ́ kò dára fún fọ́tò, nítorí pé kámẹ́rà yóò máa lọ sókè sódò lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ irú èyí, ẹ rí i pé sípíríǹgì náà ṣeé tì pa.

Síkúrù tí ọmọ yín sọ máa ń fara pamọ́ sábẹ́ ìdérí roboto tó wà lórí ọwọ́ ọ̀pá. Bí ẹ bá yí ìdérí náà kúrò, síkúrù á yọjú. Ìwọ̀n tí ihò abẹ́ kámẹ́rà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ń gbà ni 1/4 íǹṣì. Òmíràn wà tó tóbi jù ú lọ, 3/8 íǹṣì, tí wọ́n ń lò fún irin iṣẹ́ tó wúwo, kò sì ní wọ ihò kámẹ́rà yín láìsí ohun ìsopọ̀ kékeré kan láàárín. Ẹ mú kámẹ́rà yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì yí i mọ́ síkúrù náà pẹ̀lú sùúrù: kò gbọdọ̀ gùn débi tí yóò fi kan ìsàlẹ̀ ihò kí ìdí kámẹ́rà tó jókòó, ibi tí kámẹ́rà sì jókòó lé gbọ́dọ̀ tẹ́ dáadáa, kí ó má baà máa yí kiri. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ìdérí yẹn ni àtẹ́lẹwọ́ yín yóò máa tẹ̀ lé lórí. Bí ó bá ní ṣóńṣó tàbí igun mímú, kí ẹ tó dé ìdajì ọ̀nà, ọwọ́ yóò ti máa ro yín. Ẹ yan èyí tó rí bọ̀rọ̀, tó sì ní okùn kékeré tó so ó mọ́ ọ̀pá, torí pé bí irú ìdérí bẹ́ẹ̀ bá já bọ́ sínú pàlàpálá òkúta, a kì í sábà rí i mọ́.

Gígùn ọ̀pá ni ọ̀rọ̀ tí ìpolówó ọjà kì í sábà ṣàlàyé, òun ló sì máa ń já àwọn ayàwòrán kulẹ̀ jù. Fún rírìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ọ̀pá gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ yín ṣẹ́ igun bíi ti lẹ́tà L, èyí tó túmọ̀ sí nǹkan bí 115 sẹ̀ǹtímítà fún ẹni tó ga bíi tiyín. Ẹ ó dín in kù ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 nígbà tí ẹ bá ń gòkè, ẹ ó sì fi bẹ́ẹ̀ kún un nígbà ìsọ̀kalẹ̀, níbi tí orúnkún yín ti nílò rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró ṣánṣán, ojú yín wà ní nǹkan bí 158 sẹ̀ǹtímítà sí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀pá onípìn-ín mẹ́ta kì í gùn ju 130 sí 140 lọ. Kódà bí a bá ka gíga kámẹ́rà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ṣì ní láti tẹrí ba. Ẹ wá èyí tó dé 140 ó kéré tán, kí ẹ sì yẹra fún àwọn tó ń kákò bí òpó àgọ́, tí púpọ̀ nínú wọn kò ṣeé fà gùn ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Ìdànrè fúnra rẹ̀ yóò sì ràn yín lọ́wọ́: ẹ dúró ní ìsàlẹ̀, kí ẹ fi ìdí ọ̀pá lé àtẹ̀gùn kan tó wà lókè níwájú yín, sẹ̀ǹtímítà tí ọ̀pá kò ní, àtẹ̀gùn ti fi kún un nìyẹn.

Kí ni ẹ ó wá rí gbà nínú gbogbo èyí? Òfin àtijọ́ láàárín àwọn ayàwòrán ni pé ẹni tó fi ọwọ́ lásán gbé lẹ́ǹsì 200 mìlímítà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ojú kámẹ́rà ṣí ju 1/200 ìṣẹ́jú àáyá lọ, kí àwòrán má baà dàrú. Pẹ̀lú ọ̀pá kan lábẹ́ rẹ̀, ẹ lè dé 1/50 kí àwòrán sì ṣì mọ́ kedere, èyí tó wúlò gidi nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ lẹ́yìn àwọn òkè yẹn. Ẹ gbé ìdí ọ̀pá síwájú díẹ̀, ẹ ya ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì fara tì í. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ẹsẹ̀ yín méjì ló sì sọ ọ̀pá náà di ààrò mẹ́ta.

Níbi tí agbára rẹ̀ parí sí nìyẹn. Ní Olúmirin, tí omi ti ń já bọ́ láti ìpele méje, bí ẹ bá fẹ́ kí omi náà funfun bí òwú nínú àwòrán, ojú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ṣí fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tó lè mú ọ̀pá kan ṣoṣo dúró jẹ́ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí òkúta tútù. Bí irú àwòrán yẹn bá wù yín lọ́kàn, ẹ fi tráípọ́ọ̀dù kékeré kan sínú àpò, tàbí kí ẹ gbé kámẹ́rà lé orí òkúta gbígbẹ tó tẹ́. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi kámẹ́rà sílẹ̀ lórí ọ̀pá láìdì í mú, ẹ má sì rìn pẹ̀lú rẹ̀ lórí níbẹ̀. Okùn rẹ̀ ní láti wà lọ́rùn yín nígbà gbogbo.

Ó ku ìdí ọ̀pá. Ẹnu onírin máa ń di ilẹ̀ àti òkúta gbágungbàgun mú, ó sì tún máa ń ha òkúta. Òkè Ìdànrè wà nínú àkójọ ibi tí Nàìjíríà ti dá lábàá fún UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, láti ọdún 2007 pé kí wọ́n kà kún ibi àjogúnbá àgbáyé, nítorí náà, ẹ fi rọ́bà bo ẹnu irin náà lórí àtẹ̀gùn àti ní àyíká ààfin àtijọ́ tó wà lókè. Lórí ewédò tó yọ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé rọ́bà tàbí irin.

Ìbéèrè láti Abẹ́òkúta

Fóònù nìkan ni mo fi ń ya fọ́tò. Ǹjẹ́ irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ wúlò fún mi?

Ìdáhùn

Ó wúlò. Ẹ ra ohun ìdìmú fóònù tó ní ihò 1/4 íǹṣì nídìí, kí ẹ sì yí i mọ́ orí ọ̀pá. Fóònù fúyẹ́, ẹ kò sì nílò láti gbé e dé ojú, nítorí náà gígùn ọ̀pá kò ní dà yín láàmú tó ti ẹni àkọ́kọ́. Fún fídíò, ẹ ó rí ìyàtọ̀ rẹ̀ kíákíá.

Ìbéèrè láti Àkúrẹ́

Omi wọ inú ọ̀pá mi nígbà tí mo fi la odò kọjá. Ṣé kí n fi òróró sí i kí ó má baà dípẹtà?

Ìdáhùn

Rárá o, ẹ má fi òróró kankan sínú rẹ̀, nítorí pé ìdè tí òróró bá kàn yóò máa yọ̀. Ẹ fa ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ kúrò nínú ara wọn, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu iyanrìn kúrò, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ títí inú wọn yóò fi gbẹ pátápátá kí ẹ tó tò wọ́n padà.