Èsì: Kí lèèyàn ń fi táblẹ́ẹ̀tì kékeré ṣe gan-an?
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé táblẹ́ẹ̀tì íńṣì 8 wúlò fẹ́ni tó ti ní fóònù àti láptọ́ọ̀pù. Ó wúlò gan-an o! PDF ni mo ń fi tèmi kà jù, torí lórí fóònù ẹ máa fẹ̀ ẹ́ títí, ẹ máa fà á sọ́tùn-ún sósì kẹ́ ẹ tó ka ìlà kan tán, àmọ́ lórí eléyìí tí mo bá ti gbé e nàró báyìí, gbogbo ojú ewé ló máa hàn. Tí wọ́n bá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ìka ni mo máa fi sáìn ín, mo dá a padà nìyẹn. Tí mo bá ń dáná mo máa ń gbé e ti ife kí n lè máa wo fídíò (mo ti fọwọ́ epo kàn án rí, ẹ má rẹ́rìn-ín). Lẹ́tà gígùn ṣá, láìsí kíbọ́ọ̀dù Bluetooth, ẹ má dán an wò.