Ẹ Bi Onísọ̀nà Awọ: Ọ̀bẹ Àpò Mi Ti Dúdú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ mi tó wà ní Faransé fi ọ̀bẹ àpò kan ránṣẹ́ sí mi, Opinel nọ́ńbà 8, wọ́n kọ "Carbone" sí i lójú. Kò tíì pẹ́ tí mo ń fi gé máńgòrò, ojú rẹ̀ ti dúdú. Ìyá àwọn ọmọ ní ayédèrú ni. Òjò sì tún dé báyìí, àtiṣí rẹ̀ ti di ìjà. — Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìdáhùn: Tíṣà, ẹ bá mi kí ìyá o, kì í ṣe ayédèrú. Irin oníkábọ́ọ̀nù ni, ohun tí "Carbone" yẹn ń wí nìyẹn; kì í ṣe irú èyí tí kì í dípẹtà tí wọ́n fi ń ṣe ṣíbí. Omi kíkan inú máńgòrò àti ọsàn ló ń pa á láró, dúdú yẹn sì ń dáàbò bò ó díẹ̀. Pupa ni ọ̀tá. Ẹ fi aṣọ funfun nù ún: bó bá yọ pupa sára aṣọ, ó ti ń dípẹtà nìyẹn. Ẹ sáà máa fọ̀ ọ́, kí ẹ nù ún gbẹ kí ẹ tó ká a. Ẹ má fi kànrìnkànrìn onírin ha á nítorí kó lè dán. Kí la fẹ́ fi dídán ṣe?

Ti àtiṣí, igi ni èèkù rẹ̀. Ó mu omi, ó wú, ó wá fún irin pọ̀. Ẹ gbé e sí ibòòji tí atẹ́gùn ń fẹ́, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, kí ó má baà là. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀kán kan ní oríkèé ti tó. Òróró ẹ̀pà á lẹ̀ pọ̀ síbẹ̀ tó bá yá. Àwọn ará Savoie ní Faransé, níbi tí Joseph Opinel ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ̀bẹ yìí ní 1890, máa ń gbá ìdí èèkù mọ́ tábìlì, ojú ọ̀bẹ á yọ díẹ̀, èékánná á sì rí i mú. Bí ẹ bá ṣí i tán, ẹ yí òrùka ọrùn rẹ̀ kí ojú ọ̀bẹ má baà ká padà. Ọdún 1955 ni wọ́n tó fi òrùka náà sí i, ọ̀bẹ tó bá sì ká lu ìka kò mọ ẹni tó jẹ́ tíṣà.

Tó bá kú, ẹ má gbé e fún àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ ìpọ́nbẹ kiri. Mo wò wọ́n ní ọjà Akẹ̀sán níbí, iná ń ta pàrà lára ọ̀bẹ ìyá ẹlẹ́ran. Nígbà tí wọ́n fi dá a padà, ẹnu rẹ̀ ti yí sí búlúù. Irin tó bá gbóná débẹ̀, líle rẹ̀ ti lọ: á mú lónìí, á kú lọ́la. Ẹ ra òkúta ìpọ́nbẹ, ẹ gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ sókè díẹ̀, kí ẹ pọ́n ojú kan títí ẹ ó fi fọwọ́ kan irun irin, etí tín-ín-rín tó yí sókè, lójú kejì, kí ẹ tó yí i. Ẹ wá fa ẹ̀yìn rẹ̀ ṣáájú lórí awọ bẹ́líìtì àtijọ́. Bí èmi náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láràárọ̀ nìyẹn.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi ọ̀bẹ àpò ṣí agolo mílíìkì? — Ìyá Ìbejì, Ọ̀yọ́

Ìdáhùn: Rárá, mà. Ṣóńṣó rẹ̀ á kán.