Fíìmù wo ni Alejandro Jodorowsky, olùdarí fíìmù ọmọ Chile, fi padà sídìí sinimá? Ṣé ìtàn ayé ara rẹ̀ ni lóòótọ́?

La danza de la realidad ni. Ọdún 2013 ló jáde, ní àjọ̀dún fíìmù Cannes nílẹ̀ Faransé ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ fi hàn. Èyí tó ṣe ṣáájú rẹ̀, 1990 ni, ẹ ṣírò ọdún tó wà láàárín.

Ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ ni, àmọ́ ó bu iyọ̀ sí i dáadáa. Tocopilla, ìlú etí òkun ní Chile tí wọ́n ti bí i lọ́dún 1929, ló padà lọ láti yà á. Òótọ́ ni pé Júù tó wá láti Ukraine làwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Àmọ́ ti inú fíìmù náà, pé bàbá rẹ̀ gbéra lọ pa Ibáñez, Ààrẹ Chile? Àròsọ gbáà! Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Nínú fíìmù náà, orin ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu tiẹ̀, bíi ti ọ́pẹ́rà (eré tí wọ́n ń fi orin ṣe), kódà nígbà tó bá ń bá ọkọ rẹ̀ jà.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù: Brontis, ọmọ Jodorowsky, ló ṣe bàbá bàbá ara rẹ̀. Jodorowsky alára náà ń yọjú, arúgbó tórí rẹ̀ ti funfun, tó di ọmọdé tó ń ṣe òun mú látẹ̀yìn.

Ìtàn náà tẹ̀ síwájú nínú Poesía sin fin, 2016.